Bí a ṣe ń yọ ìtàn tẹlifíṣọ̀n Èkó jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá yín fún àwọn tó ń ṣa ike kiri àdúgbò. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, fídíò kílọ́ọ̀bù ni mo ṣí ní Ṣómólú láyé ọjọ́un, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń tò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n lè yá fíìmù lọ sílé. Nígbà tí DVD dé, tí fóònù sì wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ DVD, mo sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ibi tí a ti ń kọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí fláàṣì. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, oyè jíjẹ, ohun tí àwọn oníbàárà ń gbé wá nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè mí ní Ìyá Fídíò, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín wà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ E-180 sí lára, wákàtí mẹ́ta ló ń gbà. Ayẹyẹ kì í sábà kún un. Bí oníkámẹ́rà bá ti gba wákàtí kan àbọ̀, tí wọ́n ti jẹ, tí wọ́n ti mu, tí wọ́n ti náwó fún olórin, ó parí nìyẹn, ìyókù ṣófo. Kásẹ́ẹ̀tì kò sì pọ́ọ́kú nígbà náà, nítorí náà baálé ilé á fi ìyókù gba ohun tó bá wù ú lórí tẹlifíṣọ̀n: bọ́ọ̀lù, ìròyìn aago mẹ́sàn-án, eré ọjọ́ Àìkú, fíìmù ọ̀gànjọ́ òru. Ohun tí bàbá yẹn gbà lè má sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ mọ́ lónìí.

Ìdí ẹ̀ kò le. Tẹ́ẹ̀pù tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò wọ́n gan-an. Tí wọ́n bá ti gbé eré kan sáfẹ́fẹ́ tán, wọ́n á gba òmíràn lé e lórí. Àwọn òyìnbó náà ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, eré mìíràn ò tilẹ̀ kan tẹ́ẹ̀pù rárá: bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní sítúdíò ló ń jáde lójú ẹsẹ̀, tó bá sì ti jáde, ó lọ nìyẹn. Iná náà ò mojú ẹnì kankan. Nígbà tí wọ́n dáná sun ilé iṣẹ́ TVC ní Kétu ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn ni yàrá tí wọ́n ń kó tẹ́ẹ̀pù sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Èkó wò ní 1984 tàbí 1993, ilé àwọn èèyàn ni kó lọ.

KÍ Ẹ TÓ FI SÍNÚ Ẹ̀RỌ

Ẹ kọ́kọ́ fọ́ ike ààbò. Ní etí kásẹ́ẹ̀tì VHS, níbi tí wọ́n máa ń lẹ pépà àkọlé mọ́, ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà ní igun kan. Ẹ ti ẹnu sukudiráfà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, á ró káún, á já. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rọ kankan ò ní gbà láti gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Èyí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ráyè, torí bọ́tìnnì pupa ò mọ ìyàtọ̀ láàárín àgbàlagbà àti ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá rí i pé ike náà ti já tẹ́lẹ̀, tí sẹ́lótéèpù wá wà lójú ihò náà, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan dá a dúró nígbà kan, ẹlòmíràn sì pa èrò dà. Ẹ ṣí sẹ́lótéèpù náà kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú gíláàsì ike tó wà lójú rẹ̀. Tí tẹ́ẹ̀pù tó ká jọ bá dúdú, tó ń dán, ayọ̀. Tí ẹ bá rí ohun funfun kan tó dà bí ìyẹ̀fun ní etí rẹ̀, ó ti bu. Èkó tí omi yí ká yìí ń mú kásẹ́ẹ̀tì bu ju ibi gbígbẹ lọ, pàápàá èyí tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù tó fara ti ògiri tutù. Ẹ ò gbọdọ̀ fi èyí tó bu sínú ẹ̀rọ. Á ba hẹ́ẹ̀dì, ibi tó ń ka tẹ́ẹ̀pù nínú ẹ̀rọ, jẹ́, kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó bá sì tẹ̀ lé e á kó nínú rẹ̀. Ẹ wé e sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, tó ń nù ún níta gbangba pẹ̀lú aṣọ nímú. Ẹ má jókòó sínú pálọ̀ kí ẹ máa fẹnu fẹ́ ẹ.

Àkọlé ara kásẹ́ẹ̀tì, ẹ kà á, ẹ má sì gbà á gbọ́. Mo ní ọ̀kan lọ́wọ́ báyìí: wọ́n fi bírò búlúù kọ «Ìgbéyàwó Bọ̀dá Táyọ̀», wọ́n fa igi sí i lórí, wọ́n fi bírò pupa kọ «Eagles» sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún fa igi sí i, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá kọ «ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN». Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀. Ìgbéyàwó náà ṣì wà ní ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé e, ohun tí wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn sì jẹ́ ìwàásù. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni kí ẹ dà kọ sínú ìwé, pẹ̀lú èyí tí wọ́n fagi lé, torí nígbà míràn èyí tí wọ́n fagi lé ló máa ń sọ ọdún.

VHS ló pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn. Kásẹ́ẹ̀tì Betamax kéré ní ìwọ̀n ju ti VHS lọ, kò sì lè wọ ẹ̀rọ VHS. Èyí tó fẹ̀, tó nípọn, tó wúwo lọ́wọ́, U-matic nìyẹn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti àwọn tó ń fi fídíò ṣiṣẹ́ jẹun ló ń lò ó. Ẹ bá a nílé bàbá yín? Ẹ bi í léèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́.

Ẹ̀RỌ ÀTI WÁYÀ

Kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò tuntun mọ́. Funai ti ilẹ̀ Japan ló dúró pẹ́ jù, àwọn náà sì pa iléeṣẹ́ rẹ̀ tì ní 2016. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ni gbogbo èyí tí ẹ bá rí ní Àlàbá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi páálí tuntun tàn yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò lọ́wọ́, kí ẹ fi dán an wò. Èyí tí mo fi ń dán ẹ̀rọ wò ni ti àpérò kan tí kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀ títí ayé. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ wo tẹ́ẹ̀pù rẹ̀. Tó bá ti rún, ẹ̀rọ yẹn ń jẹ tẹ́ẹ̀pù. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ ó nu hẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ ṣí ìdérí òkè, ẹ ó rí irin roboto kan tó ń dán, tó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ fi spírítì tí omi ò pọ̀ nínú rẹ̀ rin awọ rírọ̀ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ojú, ẹ fi awọ náà kan ara irin yẹn jẹ́ẹ́jẹ́, kó dúró sójú kan, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì yí irin náà láti orí rẹ̀. Irin ni kó máa yí, awọ kò gbọdọ̀ máa lọ sókè sódò. Tó bá lọ sókè sódò, hẹ́ẹ̀dì á kán. Ẹ má lo òwú, fọ́nrán rẹ̀ á há síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i.

Kásẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ má kàn tẹ bọ́tìnnì ẹ máa wò ó. Ẹ jẹ́ kó sáré lọ sí òpin, kó tún sáré padà wá sí ìbẹ̀rẹ̀, kó lè tú ara rẹ̀ ká. Tí ìlà funfun bá ń gba ojú àwòrán kọjá, bọ́tìnnì tí wọ́n kọ «tracking» sí ni ẹ ó máa yí díẹ̀díẹ̀ títí á fi lọ sílẹ̀.

Wáyà mẹ́ta ló ti inú ẹ̀rọ fídíò jáde lọ sínú ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé e wọ kọ̀ǹpútà: yẹ́lò ni ti àwòrán, pupa àti funfun ni ti ohùn. Ẹ̀rọ kékeré yìí wà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ibi tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí, torí wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ bó ṣe bá wọn. PAL ni Nàìjíríà ń lò, ìlà 625, àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, ẹ yan PAL, ẹ yan 720 sí 576, ẹ yan 25. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ sí 30 ti Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Fáìlì ńlá tó bá kọ́kọ́ jáde ni ti ìtọ́jú, ẹ má jẹ́ kí WhatsApp fojú kàn án. Ẹ ṣe kékeré lọ́tọ̀ fún fífi ránṣẹ́. NEPA (mo ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀) á mú iná láàárín, nítorí náà kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ fídíò wà lórí ínfátà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta inú kásẹ́ẹ̀tì, wákàtí mẹ́ta gan-an ló máa gbà yín. Kò ní ọ̀nà àbùjá.

Tí ìgbéyàwó bá parí tí ojú àwòrán wá ń hó funfun, ẹ má pa á. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ó ti tán. Mo ti rí èyí tó hó fún ogún ìṣẹ́jú kí ìròyìn tó ṣẹ́ yọ. Ẹ jẹ́ kó dé òpin fúnra rẹ̀. Ẹ má sì gé ìpolówó ọjà dànù, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

ILÉ IṢẸ́ WO NI, ỌDÚN WO NI?

Ẹ wá ilé iṣẹ́ kí ẹ tó wá ọdún. Àmì tó wà ní igun àwòrán lè sọ fún yín, bí kò bá sí, ẹ dúró de ẹni tó ń kéde ètò tó ń bọ̀. Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n: WNTV, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tẹ̀ lé e ní 1962, ní Victoria Island, òun ni àwọn àgbà ń pè ní «Channel 10» títí dòní. Ní 1977 ni ìjọba ológun fi òfin kó àwọn tẹlifíṣọ̀n ìjọba jọ sábẹ́ orúkọ kan, NTA. Nítorí náà, bí àkọlé NTA bá wà lójú àwòrán, ọdún tẹlifíṣọ̀n àwọn ìpínlẹ̀ àtijọ́ ti kọjá.

Ti Èkó gan-gan, LTV, Jákàńdè ló dá a sílẹ̀ ní 1980, ní Agídìngbì. Ìkànnì 8. Àwa tí a wà ní kékeré nígbà náà mọ̀ ọ́n sí Lagos Weekend Television, torí òpin ọ̀sẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà: láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ètò ò dáwọ́ dúró, fíìmù ń lé fíìmù, ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta á mọ́ bá yín níwájú rẹ̀, ìyá yín á sì bá yín níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Lórí kásẹ́ẹ̀tì ilé, LTV ni mo ń bá jù fún òru ọjọ́ Ẹtì, NTA fún aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ ń wo ìròyìn kan náà.

Títí di 1992, kò sẹ́ni tó ní tẹlifíṣọ̀n àfi ìjọba. Òfin ọdún yẹn ló dá NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tó sì ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Channels bẹ̀rẹ̀ ní 1995, AIT ní 1996. Bí ẹ bá rí àmì aládàáni kankan, ẹ má ronú kan ìbẹ̀rẹ̀ ayé Babangida mọ́.

Ó wá ku ọdún. Ẹ fetí sí orúkọ ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà láti 1976. Ó di 21 ní oṣù kẹsàn-án 1987, ó di 30 ní oṣù kẹjọ 1991, ó di 36 ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Tí ẹni tó ń ka ìròyìn bá dárúkọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ti kọjá oṣù kẹjọ 1991. Tó bá ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, kò ṣáájú oṣù kẹwàá 1996. Tó bá sọ pé Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà, ẹ padà sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ LTV ní tirẹ̀ kì í ka ìròyìn láì dárúkọ gómìnà, gómìnà sì ni aago tó dára jù fún Èkó: Jákàńdè títí di òpin 1983, Múdàṣírù títí di 1986, Akhigbe títí di 1988, Ràsákì títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1992, Ọ̀tẹ́dọlá títí di oṣù kọkànlá 1993, Oyínlọlá títí di 1996, Marwa títí di 1999. Tí ìkéde bá wà nípa títò sórí ìlà àti gbígbá àyíká, tí ohùn rẹ̀ sì dà bí ẹni tó di pàṣán mú, ẹ wo 1984 àti 1985, ayé Buhari àti Ìdíàgbọn. Orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi ń pa tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ náà ń ṣẹ̀rí: ti àkọ́kọ́ kásẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1978, èkejì gba ipò rẹ̀. Wọ́n ti tún dá ti àkọ́kọ́ padà ní 2024, kó má dà yín láàmú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ní ti èṣí nìyẹn. Mo ní kó lọ ra búrẹ́dì wá.

Ìpolówó ọjà wá ni baba gbogbo rẹ̀. Ẹ ti rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gé e. Eré lè jẹ́ àtúngbé: Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, ó sì ń bá a lọ dé àwọn ọdún 1980, nítorí náà rírí Ẹléyinmi nínú agbádá rẹ̀ kò sọ ọdún tí bàbá yín tẹ bọ́tìnnì. Ọdún tí wọ́n ṣe eré yàtọ̀ sí ọdún tí bàbá yín gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń san owó ìpolówó èṣí. Tí iye tó wà níbẹ̀ bá ṣì jẹ́ kọ́bọ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́. Tí nọ́ńbà fóònù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, ẹ ò lè sọ pé ó ṣáájú oṣù kẹjọ 2001, torí ìgbà yẹn ni GSM dé. Àwọn ìkéde «a kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà kú ọdún òmìnira» ń ka ọdún fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ fi 1960 kún iye tí wọ́n bá dá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ìyá kan gbé kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ wá láti Bàrígà, ó ní 1990 ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ìròyìn kan wà níbẹ̀ tí kò ní orí, tí kò ní ìdí, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹni tó ń kà á pe olórí ìjọba ní Olóyè Ernest Shonekan. Ó parí fún 1990. Shonekan kò lò ju ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1993 lọ, kò tó oṣù mẹ́ta. Ìpolówó ilé ìfowópamọ́ kan tẹ̀ lé e tó ń kí wa kú ọdún òmìnira 33, ìyẹn mú wa dé ìpẹ̀kun oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Olùròyìn eré ìdárayá wá ní àwọn Super Eagles ń múra àtilọ bá Algeria nílé wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn, èyí tó gbé wa lọ sí ife àgbáyé ìgbà àkọ́kọ́, wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1993. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù nínú èyí tí wọ́n fi lè gba ìròyìn náà. Ìyá náà wò mí bí ẹni tó ń wo babaláwo, bẹ́ẹ̀ fífetí sílẹ̀ lásán ni.

ÈTÒ ỌJỌ́ NÁÀ

Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí ilé iṣẹ́ kan ń gbé sáfẹ́fẹ́, kó má kọ orúkọ eré nìkan. Ohun tó tẹ̀ lé ohun ni iṣẹ́ gan-an. Mo máa ń la ìwé sí méjì: apá kan fún ìṣẹ́jú, apá kejì fún ohun tó ń lọ. «1:34, ìpolówó ọṣẹ. 1:35, obìnrin olùkéde, gèlè aláwọ̀ ewé, ó ní eré Yorùbá ló kàn. 1:36, àwòrán lọ, ohùn kù. 1:38, wọ́n tọrọ àforíjì.» Ìtọrọ àforíjì yẹn pàápàá, ẹ kọ ọ́. Àwọn tó wo tẹlifíṣọ̀n nígbà náà mọ̀ pé ó jẹ́ ètò tó máa ń wáyé déédéé.

Tí ẹ bá ti ní ọjọ́ tó sún mọ́ ọn, ẹ lọ sí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tàbí ti UNILAG ní Akọkà tí ẹ bá rí ọ̀nà wọlé, ẹ béèrè ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n máa ń tẹ ètò tẹlifíṣọ̀n sínú ìwé ìròyìn láyé ìgbà yẹn, ní ojú ewé inú, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Ẹ mú gíláàsì yín lọ. Ìwé ìròyìn á sọ ohun tí ilé iṣẹ́ pinnu láti ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì á sọ ohun tí wọ́n ṣe, lẹ́yìn tí gómìnà ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ààbọ̀ wákàtí tí iná sì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Tí méjèèjì bá ta kora, kásẹ́ẹ̀tì ni mo gbà gbọ́.

Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n ní ọdún. «Mọ́mì, ọdún wo ni ẹ wo eré yìí?» Wọ́n á kàn dá iye kan fún yín kí ẹ lè fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ni tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti wò ó nínú àgbàlá, ibo ni wọ́n ń gbé nígbà náà, ọmọ wo ló wà lẹ́yìn wọn, ta ni gómìnà. Màmá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ò rántí ọdún kankan, àmọ́ ó rántí pé ojú fèrèsé onílé làwọn ti ń wò ó, pé oyún Ìdòwú wà nínú òun, àti pé onílé máa ń ti fèrèsé náà tí owó ilé bá pẹ́. Ọjọ́ ìbí Ìdòwú wà nínú ìwé. Ẹ má dárúkọ eré fún wọn ṣáájú, torí àgbàlagbà tó fẹ́ràn yín á ní «bẹ́ẹ̀ ni» sí ohun gbogbo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orin ìpolówó tí wọ́n bá rántí, kí fóònù yín máa gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ bi ẹlòmíràn ní ojúlé mìíràn.

LẸ́YÌN TÍ Ẹ BÁ TI GBÀ Á TÁN

Ẹ̀dà méjì, ilé méjì. Ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò yín tí ilé rẹ̀ ò sí ní ojú àgbàrá. Fláàṣì nìkan kò tó, fláàṣì ń kú láìdágbére. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù lẹ́yìn tí ẹ ti dà á kọ. Ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ nà án ró lórí pẹpẹ, kí ó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ sípíkà ńlá àti ògiri tó ń mu omi.

Orúkọ fáìlì: ọdún, ilé iṣẹ́, ètò, àdúgbò tí kásẹ́ẹ̀tì ti wá. «1993-10, ilé iṣẹ́ kò hàn, ìròyìn, Bàrígà.» Ibi tí ọdún ò bá dá yín lójú, ẹ kọ «bóyá» síbẹ̀. Ẹ má fi «fídíò àtijọ́ 2 tuntun gan-an» pe ohunkóhun.

Ètò tí ẹ bá rí níbẹ̀ kì í ṣe tiyín o. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí ẹni tó kọ eré náà ló ni ín, ẹ ò lè máa tà á ní ìdí ọkọ̀ ní Oyingbo. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ ní, ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹ̀dà. Àwọn kan ò ní fèsì. Àwọn kan á dá yín lóhùn kíákíá, pàápàá tó bá jẹ́ pé òṣèré inú rẹ̀ ṣì wà láyé, tí kò sì tíì rí ara rẹ̀ láti ìgbà náà. Fún ìgbéyàwó tó wà níwájú rẹ̀, ẹ bi ẹbí kí ẹ tó fi han ará ìta. Ìyàwó inú kásẹ́ẹ̀tì lè máà jẹ́ ìyàwó inú ilé mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Betamax, ẹ má tíì gbé e wá sí Ṣómólú. Ẹ̀rọ mi kan ṣoṣo fún un ti kọṣẹ́, mo ń wá bẹ́líìtì rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá rí i ní Àlàbá, kó bá mi rà á, màá san owó náà padà pẹ̀lú owó ọkọ̀.